Ìrẹsì tí a sá fún, yọ́gọ́ọ̀tì tí a gbá mọ́ra

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sọ ní Abẹ́òkúta nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ti fẹ́ sú yín. Lọ́dọọdún ni ẹnìkan máa ń wá dúró síbi tí mo dúró sí yìí, tí á ní kí ẹ má jẹ tibí, kí ẹ má fẹnu kan tọ̀hún, tí á sì gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan lọ́wọ́ akọ̀wé kó tó máa lọ. Iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n n ò wá gba àwo lọ́wọ́ yín. Ìtàn ìyá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó dá wọn lóhùn nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ pẹ̀lú wọn. "Màmá, ẹ má jẹ ìrẹsì mọ́ o." Ó tán. Ìyá mi kì í sì í ṣe ẹni tó ń ré òfin kọjá. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ìrẹsì ò fi kan ẹnu wọn, kì báà ṣe ọdún Kérésì, kì báà ṣe ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀wà, wíìtì, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tún padà sórí ẹ̀wà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, 190 ni, 205 ni, 210 ni. Ó ti di pé wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni àwọn ṣẹ̀.

Mo wá lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, mo sì rí ohun tí fóònù ò lè fi hàn mí. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lù, ọmọdé kan á gbé yọ́gọ́ọ̀tì onísítírọ́bẹ́rì dé láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìgò ńlá, ó tutù nini. Ìyá mi á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á mu ún tán pátápátá. Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń mu yìí?" Wọ́n ní, "Oògùn ni. Wọ́n ní ó dára fún ikùn, ó sì dára fún ṣúgà." Ìgò kan lójúmọ́ ni, bí oòrùn bá mú, ó di méjì. Mo yí ìgò náà sẹ́yìn, mo kà á. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ inú ike, ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Omi ló ṣáájú. Ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Mílíìkì ló gba ipò kẹta. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ohun tí mo gbé wá lónìí ò ju ìyẹn lọ. Ìrẹsì tí ẹ ń sá fún, ẹ lè jẹ ẹ́, bí ẹ bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yọ́gọ́ọ̀tì tí ẹ gbá mọ́ra bí oògùn, òun gan-an ni kí ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ìrẹsì, iṣu, gàrí, búrẹ́dì, ẹ̀kọ, gbogbo wọn ni ìfun máa ń rún wẹ́wẹ́ títí wọ́n á fi di ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní glucose, èyí á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, pancreas ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń tú ínsúlínì jáde, ínsúlínì ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara lọ ṣiṣẹ́. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, tí í ṣe irú tó wọ́pọ̀ láàárín àgbàlagbà, ilẹ̀kùn yẹn ti dípẹtà, tàbí kí ínsúlínì má tó mọ́. Ṣúgà á wá tò sójú títì bí ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìbéèrè méjì péré ló wà nílẹ̀ nígbà náà: ọkọ̀ mélòó ló wọ títì, báwo ni wọ́n sì ṣe sáré wọ̀ ọ́ tó? Ẹ má gbàgbé ìbéèrè méjì yìí, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ìdí wọn ló wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ fẹ́ràn nọ́ńbà, ẹ gba díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ pé, bí ó bá jí láìtíì jẹun, ṣúgà rẹ̀ kì í tó 100. Láti 100 dé 125, àtọ̀gbẹ ti ń yọjú lójú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, ó ti wọlé. Wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ti ẹni tí ara rẹ̀ pé kì í tó 140. Ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ ni kí tirẹ̀ má dé 180. Bí ẹ̀rọ tiyín bá ń sọ 6 tàbí 9 tàbí 11, òṣùwọ̀n mìíràn ló ń lò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, á bá ti àwọn yòókù mu.

Ní 1981, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Toronto, ní Kánádà, fún àwọn èèyàn ní oúnjẹ oríṣi 62, wọ́n sì ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ṣúgà wọn sókè. Glucose pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe 100. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé oúnjẹ tó bá wà ní 55 sísàlẹ̀ ń rọra gbé ṣúgà sókè, èyí tó bá sì tó 70 tàbí tó jù ú lọ ń sáré gbé e. Ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì ò lójú kan. Òmíràn á wà nítòsí 50, òmíràn á kọjá 80, ìrẹsì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Inú hóró rẹ̀ ni ìdí wà. Sítáàṣì tó wà níbẹ̀, irú méjì ni. Ọ̀kan gùn gbọọrọ bí okùn. Amylose ni wọ́n ń pè é. Èkejì, amylopectin, pẹ̀ka yẹ́ríyẹ́rí bí igi ọdán. Omi tó ń da oúnjẹ nínú ikùn, ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń gé wá, nítorí náà èyí tó lẹ́ka púpọ̀ ló ń tètè túká di ṣúgà. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ro túwó, ẹlẹ́ka ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó gùn tó ń dá dúró hóró-hóró, bíi basmati tí àwọn ọmọ yín ń jẹ ní London, olókùn inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ìrẹsì inú àpò tó kún ọjà wa náà ní oore kan lára: wọ́n ti bọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú èèpo kí wọ́n tó bó o. Bíbọ̀ yẹn àti gbígbẹ tó tẹ̀ lé e máa ń mú kí sítáàṣì inú rẹ̀ tún ara rẹ̀ tò, kó má fi bẹ́ẹ̀ yá láti dà.

Ìrẹsì Ọ̀fadà wá jẹ́ ti ilé wa. Ìlú Ọ̀fadà gan-an, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Òórùn rẹ̀ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi dí imú, rírẹ tí wọ́n rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló fà á. Wọn kì í bó o kanlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èèpo tó kù lára rẹ̀ yẹn sì ń dá ìrìn ṣúgà dúró díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìrẹsì ni Ọ̀fadà. Mo ti rí ẹni tó jẹ ewé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní èyí ò kan ṣúgà òun torí ó jẹ́ ti ìbílẹ̀. Ṣúgà ò mọ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò.

Ó kù sí ìwọ̀n. Ife ìrẹsì sísè kan, ife tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú ìwé oúnjẹ, máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 45 ohun tó máa di ṣúgà. Gíráàmù mẹ́rin ló wà nínú ṣíbí ìpotíì kan, nítorí náà bí ṣíbí mọ́kànlá nìyẹn. Àwo òde àríyá kan kì í ṣòro láti gba irú ife bẹ́ẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n wá agolo mílíìkì olómi kan tó ti tán, kékeré tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tẹ́ ẹnu rẹ̀ kó má baà gé wọn lọ́wọ́. Ìrẹsì sísè tó bá kún un dé etí, ohun tó máa di ṣúgà nínú rẹ̀ ò jìnnà sí gíráàmù 30. Ẹ da ìyẹn sínú àwo, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó máa kéré lójú yín. Ó kéré lójú ìyá mi débi tí wọ́n fi bi mí bóyá ẹyẹ ni mo fẹ́ bọ́.

Kó má baà dà bí oúnjẹ ẹyẹ, ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa kún àwo. Ìdajì àwo fún ẹ̀fọ́: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ẹ̀wà tútù tí à ń jẹ tèèpo-tèèpo (green beans), kábéèjì, ohun tí ọjà bá mú wá. Ìdá mẹ́rin kan fún ẹja, ẹran, ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín. Ìdá mẹ́rin tó kù ni ti ìrẹsì. Ìrẹsì tí a se mọ́ ẹ̀wà, tí àwa kan jẹ nílé ìwé débi pé a ò fẹ́ rí i sójú mọ́, ó sàn ju ìrẹsì nìkan lọ, torí ẹ̀wà ń lọ́ra dà, amúaradàgbà sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú ni dòdò. Ìrẹsì tán, ẹ tún gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí wọ́n dín lé e lórí, bí ẹni pé ẹ̀fọ́ ni. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó tẹ̀ lé e yìí, torí ó dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun tí mo kà níwèé lọ. Báwo ni wọ́n ṣe tọ́ wa láti máa jẹun? Ẹran ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ ó jẹ ìrẹsì, ẹ ó jẹ ọ̀bẹ̀, ẹran á wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo bí ọba, ẹ ó máa wò ó. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbé ẹran sẹ́nu, ọ̀kánjúwà ni, wọ́n lè nà án. Ní 2015, àwọn dókítà kan ní Weill Cornell, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní New York, mú èèyàn 11 tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, tí wọ́n ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n fún wọn lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kan, búrẹ́dì àti omi ọsàn ló ṣáájú, adìyẹ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yí i padà: adìyẹ àti ẹ̀fọ́ ló ṣáájú. Oúnjẹ ò yí padà, ìwọ̀n ò yí padà. Nígbà tó di wákàtí kan, ṣúgà ọjọ́ tí adìyẹ ṣáájú fi nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọjọ́ tí búrẹ́dì ṣáájú. Èèyàn 11 ò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan ní Jàpáànù fi ìrẹsì gan-an dán an wò: ẹja tàbí ẹran ṣáájú ìrẹsì. Ibi kan náà ló já sí, wọ́n sì rí i pé ẹja àti ẹran tó ti dé inú ikùn ṣáájú ni kò jẹ́ kí ìrẹsì tètè kúrò níbẹ̀.

Ìyẹn ni pé ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa nídìí oúnjẹ, àtọ̀gbẹ ló ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa ò jẹ̀bi o. Nígbà tiwọn, ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ọdún, ẹran ò sì tó nǹkan. Àwa tí à ń jẹ ìrẹsì ní Monday, Wednesday àti Friday, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́, ká jẹ ẹja, ká wá jẹ ìrẹsì gbẹ̀yìn.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kódà kó jẹ́ láti ilé dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹsẹ̀ tó ń rìn máa ń gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró kí ínsúlínì wá ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ kan lórí jọ́lọ́ọ̀fù kí n tó kúrò ní ìdí ìrẹsì. Òróró inú rẹ̀ máa ń dá oúnjẹ dúró nínú ikùn. Bí ẹ bá yẹ ṣúgà wò ní wákàtí méjì, ẹ lè rí nọ́ńbà tó dára kí inú yín dùn, kó sì jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ṣúgà máa tó gorí òkè. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ nílé, kó tún un wò nígbà yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó mọ bí jọ́lọ́ọ̀fù ṣe ń ṣe é.

Ó yá, yọ́gọ́ọ̀tì.

Mílíìkì tí oríṣi kòkòrò méjì tí ojú lásán ò lè rí, tó ń ṣeni lóore, sọ di kíkan ni yọ́gọ́ọ̀tì. Ọmọ Bulgaria kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Geneva, Stamen Grigorov, ló rí ọ̀kan nínú wọn ní 1905, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe kòkòrò náà ní bulgaricus. Kòkòrò wọ̀nyí máa ń jẹ lára ṣúgà tó wà nínú mílíìkì, tí wọ́n ń pè ní lactose, wọ́n á sì sọ ọ́ di omi kíkan. Èyí kan àwa Yorùbá ní pàtàkì. Ní 1971, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Norman Kretchmer, àti Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta níbí tó padà di mínísítà ètò ìlera, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá ni ikùn wọn ò lè da lactose, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Ẹ̀yin tí inú yín máa ń kùn lẹ́yìn tíì onímílíìkì, ẹnikẹ́ni ò sà sí yín. Yọ́gọ́ọ̀tì kì í sábà da irú inú bẹ́ẹ̀ láàmú, torí kòkòrò rẹ̀ ti bá yín ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ náà.

Ṣé ó dára fún ṣúgà lóòótọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára yọ́gọ́ọ̀tì pé ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ déédéé, ó kéré tán ife méjì lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ irú kejì lè dín kù fún un. Wọ́n sì ní dandan ni kí wọ́n fi kún un pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Iléeṣẹ́ Danone tó ń ta yọ́gọ́ọ̀tì ló kọ̀wé béèrè fún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn náà. Ife méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n wí, wọn ò sọ ìgò méjì lójúmọ́. Kí àrùn má baà wọlé ni wọ́n sì ń sọ. Wọn ò ní ó ń wo ẹni tó ti ní i sàn.

Yọ́gọ́ọ̀tì tí wọn ò fi nǹkan kan sí, nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ṣúgà kì í ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ti mílíìkì fúnra rẹ̀ sì ni. Ní ti onísítírọ́bẹ́rì, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "sugars" sí lẹ́yìn ìgò. Bí ẹ bá rí 12 nínú 100, tí ìgò náà sì jẹ́ 50cl, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ ṣe é. Gíráàmù 60 ni. Ṣíbí ìpotíì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ilọ́po méjì agolo ìrẹsì tí ẹ ń bá mi jà lé lórí ni, omi ló sì jẹ́, kò ní ohun tó máa dá a dúró lójú ọ̀nà. Ìyá mi ò jẹ ìrẹsì fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ń mu ìrẹsì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Èyí tí wọ́n ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, inú ọ̀rá tàbí ike tí kò ní àkọlé, n ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìgò ò lè ka ṣúgà rẹ̀.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ife mílíìkì oníyẹ̀fun kan sí ife omi mẹ́rin tí ẹ ti sè, tí ó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ débi tí ìka yín fi lè dúró nínú rẹ̀ láìjóni. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun méjì yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ dà á sínú kúlà tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ gbígbóná, ẹ dé e, ẹ lọ sùn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ó ti dì. Bí ẹ bá fẹ́ kó ki, ẹ fi aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Omi tó ń kán jáde yẹn ń gbé lára lactose lọ, amúaradàgbà á kù sínú aṣọ. Ẹ̀yin ìyá tó mọ ògì sẹ́, iṣẹ́ kan náà ni.

Kí lẹ máa wá fi jẹ? Ní Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń parí oúnjẹ. N ò ní kí ẹ ṣe ìyẹn. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń gé kùkúńbà wẹ́wẹ́ sínú yọ́gọ́ọ̀tì kíki, àlùbọ́sà díẹ̀, ata rodo kan, iyọ̀ fín-ín-fín. Mo máa ń fi rọ́pò sálátì kíríìmù ní ẹ̀gbẹ́ jọ́lọ́ọ̀fù, mo sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí n tó kan ìrẹsì. Ó bá ata mu. Ẹni tí kò bá fẹ́ kíkan, wàrà Ìlọrin ń bẹ, tí àwọn Fúlàní fi omi bọmubọmu mú dì. Ọ̀pọ̀ nínú omi tó ní ṣúgà ti ṣàn kúrò nínú rẹ̀, amúaradàgbà àti ọ̀rá ló kù jù. Ẹ sè é sínú ọ̀bẹ̀ dípò dídín. Nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan tiwọn, náà dára bí kò bá ní ṣúgà tí ó sì mọ́. Fùrá tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ni kí ẹ kà mọ́ oúnjẹ, torí ọkà ni.

Ìkìlọ̀ méjì, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, kó má lọ gé ìrẹsì rẹ̀ sí ìdajì lọ́la láìsọ fún dókítà. Oògùn ò mọ̀ pé oúnjẹ ti dín kù. Ṣúgà lè já wálẹ̀ kọjá 70, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò yín, ojú á ṣú. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ po ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́rin mọ́ omi, ẹ mu ún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Èkejì: ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ní ìṣòro, kó béèrè kó tó sọ yọ́gọ́ọ̀tì di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè.

Ìyá kan ní àwọn máa ń se ìrẹsì dé ìdajì, kí àwọn da omi rẹ̀ nù, kí àwọn tún un sè, ṣé ṣúgà rẹ̀ ò ti bá omi lọ? Mo ní sítáàṣì tó wà lára hóró níta ló bá omi lọ, díẹ̀ sì ni. Èyí tó pọ̀ ṣì wà nínú hóró. Bí ẹ bá fẹ́ràn bó ṣe máa ń dá dúró hóró-hóró, ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ bu ìrẹsì kún ìwọ̀n yín.

Bàbá kan rí i lórí WhatsApp pé ìrẹsì àná tó ti tutù, tí wọ́n tún gbé kaná, kì í gbé ṣúgà sókè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìrẹsì bá tutù nínú fíríìjì mọ́jú, díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ máa ń le débi tí ìfun ò fi ní lè dà á mọ́, kíkaná lẹ́yìn náà ò sì ní tú u padà tán. Ṣùgbọ́n kò ju bíi gíráàmù kan lọ nínú 100. Ẹ má tìtorí rẹ̀ jẹ àwo méjì. Inú fíríìjì ni mo sì wí o. Ìrẹsì tó sùn sínú ìkòkò lórí sítóòfù, tí iná mànàmáná ò sí, kòkòrò kan wà tó ń tú májèlé sínú rẹ̀ tí iná àárọ̀ ò lè pa. Ẹ da ìyẹn nù.

Bàbá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ní, "Ẹ ní ká jẹ ẹran ṣáájú. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ń wò mí ńkọ́?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fún àwọn náà lẹ́ran ṣáájú.

Ìyá kan wá béèrè pé ìyá tèmi ńkọ́. Ara wọ́n le. Ó gba oṣù mélòó kan, dókítà wọn sì tún oògùn wọn yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá síbí, ẹ̀rọ sọ 128. Agolo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja pańla ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ Sunday. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì wà níbẹ̀, igi máńgòrò ṣì wà níbẹ̀, yọ́gọ́ọ̀tì inú kúlà ni wọ́n ń jẹ báyìí, ife kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí: "Yọ́gọ́ọ̀tì tìẹ yìí kan bí omidùn ọjọ́ kẹta." Mo ní ṣé kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́ ni? Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.